Haúsá Mi Kò Tíì Tó Èyí Tí Mo Lè Fi Bẹ̀bẹ̀

Igba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo kó wá sí Minna, nínú ìwé kékeré kan tí mo fi rọ́bà dè. Kò sí èyí tó kúrú nínú wọn. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí bí mo bá kàn sọ ọ́ báyìí, ẹ ó rò pé ìgbéraga ni. Kì í ṣe ìgbéraga. Ìbẹ̀rù ni, ṣùgbọ́n irú ìbẹ̀rù tó máa ń wọ aṣọ ìjáde.

Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi jókòó sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọkùnrin kan tó wọ tai pupa gbọ́ mi dé òpin, ó wá ní Gẹ̀ẹ́sì mi mọ́, kò ní àṣìṣe, àfi pé ó dà bí ọbẹ̀ tí wọn kò fi iyọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn ni mo ń rò nínú ọkọ̀ títí mo fi délé. Bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n bọ́ bàtà kó tó rí oògùn rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ márùn-ún lójúmọ́. Ọ̀rọ̀ tó wúwo. Tó o bá ṣe é fún ọdún kan, ta ló máa lé ọ padà?"

Ogójì ọjọ́ péré ni mo tíì fi ṣe é nígbà tí àbúrò ìyá mi, Àǹtí Bọ́lá, pè láti Minna pé ilé ìwé aládàáni kan ní Jikpan ń wá olùkọ́, kí n máa bọ̀. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín pé mo ń pe Minna ní àjò. Kò sí òkun láàárín wa, owó kan náà la jọ ń ná. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ ohun tí aláta ń sọ fún un, àjò ló wà.

Aláta yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ pàdé. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, Àǹtí rán mi lọ ra tòmátì nítòsí ilé wọn ní Maitumbi. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ ní Haúsá. Mo dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn kan tó gùn tó sì tẹ́jú, tí mo fi béèrè bóyá iye náà ṣì ní àyè ìdúnàádúrà. Ó wò mí. Ó wo obìnrin tó jókòó tì í. Ó wá pe Ẹniọlá, ọmọ Àǹtí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó dúró lẹ́yìn mi tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo bi í pé, "Kí ló sọ?"

"Ó ní kí o mú èyí tó wù ẹ́, Bayarabiya." Ìyẹn ni pé obìnrin Yorùbá. "Ó ní o ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò."

Ẹ kíyè sí i pé "o" ni Ẹniọlá ń pè mí, èmi tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Minna ni wọ́n bí i sí. Haúsá rẹ̀ já gaara, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ kò mọ àgbà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ìgbà tó bá ní "Sister, o ti jẹun?" ni ó ń dùn mí díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rí i pé òun nìkan ló ń béèrè bóyá mo ti jẹun, mo sì dárí jì í.

Ẹni tó ni ilé ìwé náà jẹ́ obìnrin Núpé kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Hajiya. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń rìn, jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ohun tí kì í gbọ́. Ó sọ fún mi pé táàmù kan ni òun fi máa wò mí. "Lẹ́yìn ìyẹn, mo lè kọ́nfáàmù rẹ, mo sì lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ." Bó ṣe sọ ọ́ ti yé mi: ọpẹ́ yẹn ló yẹ kí n bẹ̀rù. Bí ó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo máa padà sí, sórí àga kan náà, níwájú bàbá mi.

Nínú yàrá olùkọ́, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ni díkíṣọ́nárì ilé ìwé máa ń wà. Ó tóbi tó Bíbélì orí àga ìwàásù. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ kékeré kan wà lórí tábìlì nísàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi okùn so báírò mọ́: ẹni tó bá gbé díkíṣọ́nárì yóò kọ orúkọ àti ọjọ́ tó gbé e, tó bá dá a padà, yóò kọ ìyẹn náà. Ẹ ṣí ìwé yẹn láti ojú ewé kìíní dé ìkẹjọ, orúkọ mi ni ẹ óò máa rí. Bí ẹlòmíràn bá ń ra àkàrà lákòókò ìsinmi, èmi ń ra ọ̀rọ̀.

Ibi tí mo ń ná wọn sí ni nóòtì ẹ̀kọ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì la máa ń kó nóòtì wa fún Màlámù Sàlíù, bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbé ní Chanchaga, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fọwọ́ sí i. Ọmọ kíláàsì kẹrin ni mo ń kọ́. Nígbà tí mo kọ nóòtì lórí ìkùukùu, mo lo ọ̀rọ̀ tí ìkùukùu fúnra rẹ̀ kò gbọ́ rí. Màlámù mí kanlẹ̀, ó fi báírò pupa fọwọ́ sí i. Ó ní, "Madalla, Àǹtí." Ìyẹn ni pé ó dára gan-an; Àǹtí ni wọ́n ń pe olùkọ́ obìnrin níbẹ̀. Inú mi dùn títí mo fi délé. Mo rò pé ìyanu ló mú un mí kanlẹ̀.

Mo fẹ́ kí èyí yé yín dáadáa, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Bí mo bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà ní Yorùbá, ara mi ti mọ̀ ọ́n ṣe. Orúnkún mi á tẹ̀, ohùn mi á lọ sílẹ̀, màá béèrè ará ilé, màá béèrè iṣẹ́, kí n tó débi ohun tí mo wá ṣe. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, mo wá gbogbo inú ilé náà, n kò rí ibi tí wọ́n ń kúnlẹ̀ sí. Mo wá pinnu fúnra mi pé ọ̀rọ̀ gígùn ni ìkúnlẹ̀ wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni orúnkún ṣe súnmọ́ ilẹ̀ tó. Nítorí náà, bí mo bá rí Hajiya ní kọ́rídọ̀, n kò lè sọ pé ó rẹ̀ mí tàbí pé ṣọ́ọ̀kì ti tán. Àfi kí n wá ọ̀rọ̀ tó ní ìpele mẹ́rin.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi kò ní wàhálà yìí. Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ilé ìwé, wọ́n sì ń pa òfin náà mọ́ títí pẹ́ńsù ẹnìkan yóò fi sọnù. Kíá ni gbogbo ẹnu á ṣí ní Haúsá. "Ban ɗauka ba!" N kò mú un. "Na mayar!" Mo ti dá a padà. Mo ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, bí ẹni tó ń gbé nítòsí ọlọ ṣe ń gbọ́ ọlọ, n kò sì kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ta ni yóò fi ìyẹn wáṣẹ́?

Kẹ̀kẹ́ ni mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kọjá ilé ìwé, nítorí kí n tó parí gbólóhùn tí mo fi ń sọ fún ọlọ́kẹ̀kẹ́ pé màá sọ̀, a ti kọjá ibẹ̀ jìnnà. Ẹniọlá ló gbà mí. Ó ní, "Haba, Sister. Zan sauka. Ó tán." Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ ọ́, kẹ̀kẹ́ dúró gbọnrangandan níwájú géètì. N kò lè ṣàlàyé bí orí mi ṣe wú tó. Ilé ẹ̀kọ́ gíga fún mi ní ìwé ẹ̀rí, kò sí ẹnì kankan tó dúró torí rẹ̀ rí.

Àwọn ọjọ́ Ìsinmi ló le jù. Lẹ́yìn ìsìn, màá lọ sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, màá pe ìyá mi. Ìbéèrè rẹ̀ kì í yí padà: ṣé mò ń jẹun, ṣé mò ń kí wọn dáadáa. Bí a bá sọ̀rọ̀ tán, màá bẹ̀ ẹ́ kó má pa fóònù, kó kàn gbé e sórí tábìlì kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Màá wá dúró síbẹ̀, màá máa gbọ́ ilé wa: ìdérí ìkòkò, ìkọ́ bàbá mi, ewúrẹ́ ará ìsàlẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ẹnìkan ni mí. Ní Minna, Bayarabiya tó ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò ni mí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí táàmù parí nígbà tí Hajiya ka ẹrù ilé ìwé. Àga pé, bọ́ọ̀lù pé, díkíṣọ́nárì kò sí. Orúkọ tó gbẹ̀yìn nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó wà lórí tábìlì, tèmi ni. Mo kọ ọjọ́ tí mo gbé e. Ibi tó yẹ kí n kọ ọjọ́ tí mo dá a padà sí ṣófo.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo dá díkíṣọ́nárì náà padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo yí padà láti kọ ọ́ sílẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ Màlámù Sàlíù sì wà lórí ìwé náà. Ó ń ka nóòtì, ó fara ti tábìlì. Mo dúró díẹ̀. Mo wúkọ́ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, báwo ni ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe máa sọ fún àgbà pé kó gbé ọwọ́? Mo ní màá padà wá kọ ọ́. N kò padà wá.

Ní Ọjọ́rú, akọ̀wé mú kúérì wá fún mi. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù rí mọ ìwé yìí: wọ́n fẹ́ kí o ṣàlàyé ara rẹ lórí pépà. Ìlà méjì ni. Níbo ni díkíṣọ́nárì wà? Kí n fèsì kó tó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi ní ìrọ̀lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi.

"Mà, mi ò gbé e."

Ìyá mi ní, "Mo mọ̀ pé o ò gbé e. Bẹ̀ wọ́n."

"Kí ni mo fẹ́ tìtorí rẹ̀ bẹ̀ wọ́n?"

"Ṣé ẹni tó ṣẹ̀ nìkan ló ń bẹ̀bẹ̀ ni? Àgbà ti bínú, ìyẹn ti tó. Tó o bá ń ro ẹjọ́, wọ́n á ní ò ń jiyàn. Bẹ̀ wọ́n, kí ọkàn wọn rọ̀, òtítọ́ á wá jáde fúnra rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá sì ro ẹjọ́, ìgbọ̀nwọ́ Màlámù ló máa kọ́kọ́ jáde, èmi kọ́ ni màá fi àgbà sùn. Mo jókòó, mo tú rọ́bà ara ìwé kékeré mi, mo kọ ojú ewé méjì. Mo ní mo jẹ́ "contrite", ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ń dùn. Mo ní "dereliction" mi, àìbìkítà mi lẹ́nu iṣẹ́, kò ní ìdáríjì. Mo gbé ara mi jù sórí "magnanimity" Hajiya, àánú ńlá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ni mo lò tí n kò lò rí, n kò sì ní purọ́ fún yín, láàárín ẹ̀rù náà inú mi dùn sí wọn díẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ẹniọlá ka fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù mi.

Ó kà á dákẹ́dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Sister, ibo lo gbé e pamọ́ sí?"

"Kí ni?"

"Díkíṣọ́nárì náà."

"Mi ò gbé e."

"Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ síbí pé o gbé e."

"Ibo ni mo ti kọ ọ́?"

Ó na fóònù sí mi. "Gbogbo ibi."

Àǹtí Bọ́lá dá sí i láti ilé ìdáná. "Ẹ̀bẹ̀ lásán nìyẹn. Gbogbo wa la máa ń bẹ̀ báyẹn."

"Mummy, Hajiya ò mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ lásán ni. Hajiya kì í ṣe Yorùbá."

Àǹtí jáde wá, ó wo ojú fóònù náà. Èmi náà gba fóònù mi, mo ka ojú ewé méjèèjì bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló kọ ọ́, ó jalè, ó sì mọ Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Kò sí ibì kankan tó ti sọ pé òun dá a padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Hajiya ní kí n wọlé. Ìwé mi wà níwájú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ.

"Àǹtí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé rẹ. Ọ̀rọ̀ méje wà níbẹ̀ tó yẹ kí n wò nínú díkíṣọ́nárì." Ó tún ìwé náà tò. "Mi ò ní díkíṣọ́nárì."

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde. Ìkúnlẹ̀ kì í ṣe ìdáhùn. Ṣé o gbé e, àbí o ò gbé e?"

Mo la ẹnu láti dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó jáde ni "magnanimity". Hajiya gbé ọwọ́ sókè. Mo wá Yorùbá lọ nínú ọkàn mi, ibẹ̀ kún fún ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, kò sí àyè tí ẹsẹ̀ lè gbà kọjá. Mo dúró síbẹ̀, èdè méjì kún ẹnu mi, òótọ́ kan péré kò rí ọ̀nà jáde láàárín wọn. Mo rí àga mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo rí bàbá mi tó ń béèrè pé ọ̀rọ̀ mélòó ló kù.

Mo wá gbọ́ ohùn mi. Ohùn ọmọ kíláàsì kẹrin ni.

"Ban ɗauka ba, Hajiya. Na mayar. Ranar Talata."

N kò mú un. Mo ti dá a padà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un, ohun tó máa mú un rọ̀, ṣùgbọ́n Haúsá mi ti tán. Èyí tó kù lẹ́nu mi ni "zan sauka", n kò sì rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀. Haúsá mi kò tíì tó èyí tí mo lè fi bẹ̀bẹ̀. Òótọ́ nìkan ló tó.

"To," ni Hajiya wí, ìyẹn ni pé ó ti gbọ́. Ó yọ gíláàsì rẹ̀. "Kí ló dé tí o ò kọ ìyẹn? Ìlà kan ni. Kí ló dé tí o ò sì fọwọ́ sí ìwé ọjọ́ tí o dá a padà?"

Gẹ̀ẹ́sì tó kù sí mi lẹ́nu nígbà yẹn, kékeré ni, èyí tí ọkùnrin oní-tai-pupa sọ pé kò ní iyọ̀. Òun ni mo fi sọ fún un.

"Ìgbọ̀nwọ́?"

"Ìgbọ̀nwọ́ Màlámù, Mà. Ó wà lórí ìwé."

Ó mú fóònù. Láti ọjọ́ Ajé ni Màlámù Sàlíù ti lọ sí Bida, ẹbí rẹ̀ kan ló kú, kò sì sí ẹni tó ronú láti bi í, nítorí orúkọ mi ti wà nínú ìwé. Hajiya kí i kú ọ̀fọ̀, wọ́n kíra pẹ́, ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè. Ó ti ṣí fóònù náà síta, mo gbọ́ Màlámù kedere.

"Díkíṣọ́nárì? Ó wà nílé mi, Hajiya. Mo gbé e lọ sí Chanchaga. Màá mú un bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

"Màlámù, kí lẹ fẹ́ fi díkíṣọ́nárì ṣe nílé?"

Màlámù wúkọ́ lórí fóònù.

"Nóòtì Àǹtí ni," ó ní.

Hajiya fi etí ìborùn rẹ̀ bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. N kò rí ẹ̀rín rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn, n kò sì rí i ní ọjọ́ yẹn náà, nítorí ìborùn.

Ní ọjọ́ Ajé, Màlámù gbé díkíṣọ́nárì dé nínú nílọ́nù dúdú. Ìwé pélébé-pélébé yọ ṣóńṣó láàárín ojú ewé rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró níbi ọ̀rọ̀ mi kan. Mo ka wọn dé ogún, ojú tì mí, mo dúró.

"Àǹtí," ó ní, "ìkùukùu rẹ yẹn, ọjọ́ méjì ni mo fi wà nínú rẹ̀. Ìyàwó mi rò pé mo ń kàwé láti di lọ́yà."

Mo bẹ̀ ẹ́. Dájúdájú mo bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó fa ìwé ìforúkọsílẹ̀ kékeré náà wá síwájú mi, ó wá gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sókè pátápátá, bí ẹni tó ń ṣí géètì fún ọkọ̀ akẹ́rù.

"Kọ ọ́," ó ní.

Mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó gba báírò, òun náà kọ tirẹ̀.

Hajiya kọ́nfáàmù mi ní ọjọ́ tí táàmù parí. Ìwé náà kò ju ìlà mẹ́ta lọ, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí mo ní láti wò. Nísàlẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé kí n ṣàánú Màlámù. Mo ṣì ń kó ọ̀rọ̀ márùn-ún jọ lójúmọ́, ẹ má rò pé mo ti yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ló ń fún mi ní méjì nínú wọn báyìí, ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ìgbà tí pẹ́ńsù bá sọnù.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, mo sọ fún ìyá mi pé wọ́n ti gbà mí síṣẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí. Ó wá béèrè.

"Ṣé o bẹ̀ wọ́n bí mo ṣe sọ?"

Mo ronú nípa rẹ̀. Mo ronú ìgbọ̀nwọ́, mo ronú ojú ewé méjì, mo ronú Haúsá. Mo lè sọ ọ́ fún un. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ báyìí, ìlà kan ni.

"Mo bẹ̀ wọ́n, Mà," mo ní.

"Mo sọ fún ọ. Ẹ̀bẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ẹ ṣé, Mà."

Ó gbé fóònù sórí tábìlì. Mo gbọ́ ìdérí ìkòkò, mo gbọ́ bàbá mi tó ń béèrè lọ́ọ̀ọ́kán pé ta ni. Ìgbà tí mo fẹ́ wọlé ni mo rí erùpẹ̀ lórí orúnkún mi méjèèjì; n kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.